Ẹ́ńjìnnì Katakata ní Àgbàlá Ìta Fáàjì

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí mo kírun tán, mo ní kí n fẹsẹ̀ kan dé Ìta Fáàjì kí n wo ibi tí wọ́n bí mi sí. Ilé wa ò sí níbẹ̀ mọ́. Ilé gogoro kan tí wọ́n ti ń ta bàtà àti àpò fóònù ló dúró síbẹ̀ báyìí, àlejò tó bá sì kọjá níwájú rẹ̀ kò lè mọ̀ pé ìdílé kankan gbé ibẹ̀ rí. Mo ti ń yíjú padà nígbà tí òórùn kan gbá mi nímú. Ọkùnrin kan lóṣòó ti jẹnẹrétọ̀ ńlá kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti tú u palẹ̀ bí adìẹ ọdún, ó ń da kẹrosíìnì sára irin gbígbóná. Èéfín funfun ń rú. Ọ̀dọ́bìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù dúró lé ọkùnrin náà lórí, ó na fóònù sí i, ó ń ya gbogbo ohun tó ń ṣe sínú fídíò.

Ọkùnrin náà gbójú sókè. "Àǹtí, ṣé olè ni mí ni?"

Ọmọ náà ò mú ojú kúrò lára fóònù rẹ̀. "Èmi ò pè yín lólè o, ọ̀gá. Ẹ máa báṣẹ́ lọ. Mo kàn fẹ́ fi ṣèrántí ni."

Ẹ̀rín pa mí, mo ní láti fi ọwọ́ bo ẹnu. Òórùn yẹn, òórùn kẹrosíìnì lára irin tó ń jó, àti ojú ìfura yẹn! Ìyá Àgbà wa ò ní fóònù nígbà ayé tiwọn. Èmi ni wọ́n ní.

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí n ròyìn àgbàlá wa fún yín, nítorí àwa tí a rí i ń dínkù. Láti ìta, ẹnu ọ̀nà tóóró lásán lẹ máa rí, tí ènìyàn méjì ò lè gbà wọlé pọ̀ láìfi èjìká kan ara wọn. Àmọ́ bí ẹ bá ti wọlé tán, ojú ọ̀run á là lókè yín, ẹ ó rí yàrá àwọn ìyàwó ilé yíká, aṣọ lórí okùn, ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ òpó, àti kànga tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ ẹnu rẹ̀ láàárín gbùngbùn. Láàárọ̀, ohùn àwọn ọmọ kéú ló máa ń jí wa. Omi ẹ̀rọ ìta la máa ń mu, omi kànga la fi ń fọṣọ, òun la sì fi ń ṣe àlùwàlá. Bẹ́ẹ̀ la bá a, a ò bi ẹnikẹ́ni ní ìdí rẹ̀.

Òwò aṣọ ni wọ́n mọ ìdílé wa mọ́. Bọ̀dá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n Bàámi, ló ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù wa ní Ọjà Balógun, gbogbo ọmọkùnrin ilé ló sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bàámi nìkan ni kò lè fara dà á. Wọ́n ní bí àwọn bá fi máa na léèsì sójú oníbàárà láti àárọ̀ dalẹ́, tí oníbàárà á fọwọ́ pa á, tí á ní òun ń bọ̀, ó sàn kí àwọn máa bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀. Ni wọ́n bá lọ ra katakata àlòkù kan, wọ́n gba ilẹ̀ ní abúlé kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ń fi í túlẹ̀ fún ara wọn àti fún àwọn àgbẹ̀ abúlé. Ẹ̀rín ni wọ́n fi Bàámi rín nílé. "Lásísì, ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò mọ ewé ẹ̀gẹ́ yàtọ̀ sí ewé ilá!" Bàámi á rẹ́rìn-ín tiwọn náà, wọn á wọ bàtà róbà wọn, wọn á lọ. Mo rántí pé wọ́n máa ń kọrin bí wọ́n bá ń lọ sóko, wọn kì í sì í kọrin bí wọ́n bá ń lọ sí Balógun.

Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi àti Bọ̀dá Àlàájì, kò ta ko oko náà. Àwọn ará oko ni wọn ò fọkàn tán. Ìyá Àgbà gba Ọlọ́hun gbọ́. Ènìyàn ni wọn ò gbà gbọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń gbé òdìkejì afárá, títí ó fi dé ẹni tó ń ta ẹ̀kọ, ní láti jẹ́rìí ara rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó gbà pé ènìyàn rere ni. Bí Bàámi bá ń lọ sóko, Ìyá Àgbà á jókòó ti ẹrù wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọn á ka Yáásìn sí gbogbo rẹ̀: sí búrẹ́dì, sí àwọn kẹ́ẹ̀gì omi, sí bàtà róbà, títí kan fìlà. "Àwọn ènìyàn abẹ́ igi wọ̀nyẹn," wọn á máa wí, "a ò mọ ohun tó ń bẹ níkùn wọn."

Ọjọ́ kan ni ẹ́ńjìnnì katakata rú èéfín, ó hó, ó sì dákẹ́ láàárín ebè. Bàámi wá mẹkáníìkì kan kàn ní Èbúté Mẹ́ta tí wọ́n ní ó mọ iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì ńlá. Ọkùnrin náà ní kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì kúrò lára katakata, kí wọ́n gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù òun.

"Ṣọ́ọ̀bù ta ni?" Ìyá Àgbà bèèrè. "Kí ó gbé ọkàn katakata ọmọ mi lọ sílé ara rẹ̀, kí ó yọ tirẹ̀ tó dáa, kí ó fi ti ẹlòmíì tó ti kú sí i? Ẹ gbé e wá síbí. Ojú mi ni yóò ti tú u."

Bí ẹ́ńjìnnì katakata ṣe wọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìyẹn. Wọ́n fi lọ́rì gbé e wá, wọ́n fi okùn àti igi wọ́ ọ gba ẹnu ọ̀nà tóóró yẹn, ògiri bó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì gbé e ka orí táyà àlòkù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ewúrẹ́ wa wò ó, ó já okùn, ó sá.

Bọ̀dá Àlàájì ti Balógun dé nírọ̀lẹ́, wọ́n yí i po, wọ́n fi orí bàtà wọn kàn án. Wọn kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. "Lásísì," wọ́n ní, "òjò ò ní í dúró dè ọ́. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí nǹkan yìí ṣì jókòó síbí, a óò pe àwọn onírin àlòkù kí wọ́n wá gbé e. Ìwọ náà á sì padà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ti tó."

Bàámi ní, "Mo gbọ́, Bọ̀dá." Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sí èsì mìíràn. Àmọ́ mo rí i tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run.

Ọ̀gá Àyọ̀ ni à ń pe mẹkáníìkì náà. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó síngbọnlẹ̀, onígbàgbọ́ tí kì í fi ìjọ ṣeré, tó máa ń fi imú kọ orin ìyìn bí ó bá ń ṣiṣẹ́. Ó fẹ́ràn ara rẹ̀ púpọ̀. Ó ní kò sí ẹ́ńjìnnì tí òun bá bá wí tí kò ní í dáhùn. Bí a ṣe ń fura sí i náà ló ń fura sí wa. Ẹnìkan ti sọ fún un pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó gbọ́n lágbọ̀njù, pé ẹni tó bá jẹ oúnjẹ wọn, ẹnu rẹ̀ kò ní í lè sọ pé rárá mọ́. Nítorí náà, búrẹ́dì rẹ̀ àti ẹ̀pà rẹ̀ ló ń gbé wá, àti omi tirẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì. Omi yẹn ló ń mu, òun náà ló fi ń fọ ọwọ́, òun ló fi ń bọ́jú. Bí ó bá ń lọ sílé, á fi tàpólì bo ẹ́ńjìnnì, á ta okùn rẹ̀ ní kókó kan tí kò jọ kókó ẹlòmíì, láàárọ̀ á sì tẹjú mọ́ kókó náà fún ìgbà pípẹ́ kí ó tó tú u.

"Wọ́n ti fọwọ́ kàn án," ó wí lọ́jọ́ kan.

"Ewúrẹ́ ni," ìyá mi dá a lóhùn.

"Ewúrẹ́ Èkó," Ọ̀gá Àyọ̀ wí, ó sì mirí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí inú ẹ́ńjìnnì rí. Odidi irin wúwo tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pè ní bùlọ́ọ̀kù. Ihò ńláńlá wà nínú rẹ̀, inú ihò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ki irin kan bọ̀ tó rí bí agolo tí kò ní ìdí. Sílíìfù ni wọ́n ń pe irin yìí. Inú rẹ̀ ni písítìn ti ń gòkè, tó ń sọ̀, omi sì ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká kí ó má bàa gbóná jù. Bí sílíìfù bá gbó, wọn á fà á yọ, wọn á ki tuntun bọ̀ ọ́. Ti katakata Bàámi kò ṣeé fà. Ó ti lẹ̀ mọ́ bùlọ́ọ̀kù bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n láti ìpìlẹ̀. Bí ènìyàn bá sì fi ìbínú lù ú, bùlọ́ọ̀kù lè sán, bùlọ́ọ̀kù tó bá sì sán, àwọn onírin àlòkù ló ni ín. Gbogbo ohun tí Bàámi fẹ́ láyé wọn wà nínú irin tó há yẹn.

Ọ̀gá Àyọ̀ kọ́kọ́ dá mẹkáníìkì tó ṣe é kí Bàámi tó rà á lẹ́bi. Ó ní sílíìfù tí kò bá ihò mu ni ọ̀dàlẹ̀ náà fi tipátipá kì bọ̀ ọ́. Ó gbé irinṣẹ́ ìfà kan wá, ó dè é mọ́ sílíìfù àkọ́kọ́, ó ń fi sípánà yí i, ó ń yí i, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Irinṣẹ́ náà ló tẹ̀. Sílíìfù ò mira. Ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi sílẹ̀ kí ó rin wọnú, ó fi iná jó etí rẹ̀, ó tún da kẹrosíìnì. Òórùn náà wọ aṣọ wa, ó wọ ìrẹsì wa, ó wọ orí ẹní ìkírun.

Ìyá Àgbà jókòó lórí àga lókè àtẹ̀gùn pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ojú wọn lórí ọkùnrin náà láti òwúrọ̀. Bí àkókò ìrun bá tó, wọn á pè mí. "Jókòó síbí. Bí ó bá ki nǹkan kan bọ àpò, pariwo. Má wojú ẹnikẹ́ni, ṣáà pariwo." Bí mo ṣe di ọlọ́pàá nìyẹn. Mo gba iṣẹ́ náà gidigidi. Mi ò tilẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ọ̀gá Àyọ̀ ò kọ́kọ́ kà mí sí. Nígbà tó yá, bí Ìyá Àgbà bá ti wọlé lọ kírun, á fi òòlù sílẹ̀, á yíjú sí mi, á sì tú àpò ṣòkòtò rẹ̀ méjèèjì síta bí etí ehoro.

"Ọmọ ọlọ́pàá, wò ó. Kí lo rí?"

"Mi ò rí nǹkan kan, sà."

"Sọ fún ìyá ńlá rẹ pé ihò ló wà níbẹ̀. Kí wọ́n bá mi rán an."

Mo sọ fún wọn. Ìyá Àgbà ronú sí i. "Ihò?" wọ́n ní. "A jẹ́ pé inú ṣòkòtò ló ń já sí. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó bá ń lọ."

Ọjọ́ ń lọ. Ìkùukùu bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú ọ̀sà. Lọ́jọ́ tí gbogbo rẹ̀ bẹ́, Bọ̀dá Àlàájì kò tíì lọ sí Balógun, Bàámi sì lóṣòó ti mẹkáníìkì. Ọ̀gá Àyọ̀ ṣí àwo irin pẹlẹbẹ kan kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bùlọ́ọ̀kù, níbi tí omi ti ń yí ká, ó na ọwọ́ wọlé, ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn sílíìfù. Nǹkan kan bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó pupa bí amọ̀, ó sì funfun létí. Ó wò ó. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi orí ahọ́n kàn án.

"Iyọ̀," ó wí. Ó dìde. "Iyọ̀ ni! Ta ló bu iyọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fọkàn bá mi lọ. Ìyàwó Bọ̀dá Àlàájì, Ìyá Ràfíù, ló ń ta iyọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Orí gbogbo ènìyàn yí síbi tí Ìyá Ràfíù jókòó sí.

Ìyá Ràfíù ta dìde lórí àpótí. "Ẹ má wojú mi o! Iyọ̀ tí mo ń wọ̀n, tí oníbàárà ń bẹ̀ mí kí n fi ènì lé e tí n kò gbà, ṣé òun ni mo máa gbé lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ dà fún irin jẹ? Ṣé irin ń sebẹ̀ ni?"

Èmi nìkan ló rẹ́rìn-ín. Ìyá mi fi ìgúnpá gún mi.

Bàámi ò wo Ìyá Ràfíù. Ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń wò. "Bọ̀dá," wọ́n ní jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin lẹ wá kí mi lóko lẹ́yìn Iléyá."

"Lásísì, gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì."

"Mi ò sọ nǹkan kan, sà. Mo ní ẹ wá kí mi ni."

Ìyá Àgbà lókè àtẹ̀gùn ń wo ọmọ wọn kan, wọ́n ń wo èkejì. Mo lérò pé Bọ̀dá Àlàájì máa bínú. Wọn ò bínú. Ojú wọn kàn rẹ̀, bí ìgbà tí aṣọ bá ṣá lóòrùn. Wọ́n ní, "Ẹ gbé Àlùkùránì wá. Màá búra."

Ẹ ò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rí létí wa. Nínú ìdílé wa, wọn kì í búra láàárín ọmọ ìyá. Bí ènìyàn bá fi Ìwé Mímọ́ búra fún àbúrò rẹ̀, òtítọ́ lè yé wọn o, àmọ́ wọn ò ní í lè jókòó ti ara wọn bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Ìyá Ràfíù bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé kí wọ́n má búra, nítorí ẹni tó bá dí wọn lọ́wọ́, á dà bí ẹni pé ó mọ ohun tí wọ́n ṣe.

A kì í fọwọ́ kan Àlùkùránì láìṣe àlùwàlá. Bọ̀dá Àlàájì fa omi nínú kànga fúnra wọn, wọ́n rọ ọ́ sínú búùtà, wọ́n lóṣòó. Wọ́n fọ ọwọ́. Wọ́n bu omi sẹ́nu, wọ́n yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì.

Wọ́n dúró. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú, omi wà nínú rẹ̀, wọn ò tu ú. Wọ́n wo búùtà. Wọ́n wo kànga. Wọ́n gbé ojú sókè, wọ́n wo ìyá wọn lórí àtẹ̀gùn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n sì gbé omi náà mì. Omi tí gbogbo ayé ń tu dànù, wọ́n gbé e mì. Ojú mi ló ṣe.

"Lásísì," wọ́n ní, ohùn wọn ti yàtọ̀, "omi wo lò ń rọ sí ẹ́ńjìnnì yẹn lóko?"

"Omi kànga wa tí Ìyá ń fún mi. Èyí tí wọ́n ka Yáásìn sí, nínú kẹ́ẹ̀gì."

"Kì í ṣe omi odò abúlé?"

"Ìyá ní n kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí omi abúlé kàn án. Wọ́n ní a ò mọ ohun tí wọ́n máa fi sí i."

Ẹnu Bọ̀dá Àlàájì lè dá wọn láre níbẹ̀ yẹn, kí wọ́n na ìka sókè sí ìyá wọn, kí wọ́n ní ẹ wo ẹni tó ṣe é. Wọn ò nà án. Wọ́n tẹríba, wọ́n ń fọ ojú wọn lọ, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ omi náà kò tilẹ̀ wáyé, bí ẹni pé ìbúra náà ni wọ́n ṣì ń lọ ṣe.

Ìyá Àgbà ló sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan tẹ̀lé èkejì, wọ́n gba búùtà lọ́wọ́ ọmọ wọn, wọ́n da omi díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n tọ́ ọ wò. Àtikékeré ni omi yẹn ti ń wọ ẹnu wọn kí ojúmọ́ tó mọ́ dáadáa, títí di ìrun alẹ́. Ẹnu gbogbo wa ti bá iyọ̀ inú rẹ̀ mọ́ra débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀sà ò jìnnà sí wa. Kànga wa ń mu nínú rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ.

"Kì í ṣe iyọ̀ ni mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi," Ìyá Àgbà wí. "Àdúà ni mo fi ránṣẹ́."

Ọ̀gá Àyọ̀ ló sọ̀rọ̀. Ó bọ́ fìlà rẹ̀ kúrò lórí. "Màmá, àdúà kì í mú irin dógùn-ún. Kànga ni." Ó wo kẹ́ẹ̀gì omi tirẹ̀ tó gbé ti ògiri, ojú tì í díẹ̀. "Èmi náà, ká ní mo ti fi omi yín bọ́jú lẹ́ẹ̀kan péré látọjọ́ tí mo ti dé, ǹ bá ti mọ̀."

Wọn ò gbé Àlùkùránì jáde mọ́. Bàámi dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n wọn, lórí ilẹ̀ tó kún fún kẹrosíìnì, Bọ̀dá Àlàájì sì ní kí wọ́n dìde kí wọ́n má bàa fi aṣọ gbá ilẹ̀. Gbogbo ìjà náà parí síbẹ̀, àbí ẹ ní kí ni?

Nísinsìnyí tí Ọ̀gá Àyọ̀ ti mọ̀ pé ìdógùn-ún iyọ̀ ló mú sílíìfù, ó ní ọ̀nà tó kù ni pé kí bùlọ́ọ̀kù gbóná níta kí ó lè fẹ̀, kí sílíìfù tutù nínú kí ó lè sún kì. Àmọ́ bí ooru náà kò bá dọ́gba, irin á sán. Ọwọ́ ènìyàn kan kò lè ṣe é. Ó wo gbogbo wa yíká, àwa tí òun fúnra rẹ̀ ń ta kókó okùn nítorí wa. "Mo nílò gbogbo yín," ó wí, bí ẹni tí eyín ń dùn.

Wọ́n ra yìnyín lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja, àwọn ìyàwó gún un nínú odó, wọ́n dì í sínú àpò, wọ́n fún un mọ́ inú sílíìfù. Wọ́n gbé omi kaná. Wọ́n yí bùlọ́ọ̀kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, gbogbo obìnrin ilé sì yí i ká pẹ̀lú búùtà, wọ́n ń rọra da omi gbígbóná sí i lára. Omi ẹ̀rọ ni o; Ìyá Àgbà fúnra wọn ló lọ dúró nídìí ẹ̀rọ kí wọ́n má bàa pọn òmíràn.

"Ẹ rọra," Ọ̀gá Àyọ̀ ń wí. "Ẹ dà á bí ẹni ń wẹ ìkókó. Ìyá Ràfíù, ẹ má bínú sí irin."

Igi líle kan ni wọ́n fi ti ìdí sílíìfù, ẹnìkan ní láti dì í mú gírígírí kí ẹlòmíì lè fi òòlù ńlá lù ú. Bàámi gbé òòlù. Bọ̀dá Àlàájì ká ọwọ́ bùbá wọn sókè, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di igi náà mú. Ọwọ́ tó ń na léèsì ní Balógun ni o, kò ní èépá kankan.

"O ò ní í lu ọwọ́ mi, Lásísì?"

"Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, Bọ̀dá."

"Mo dúró."

Òòlù sọ̀. Ó tún sọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan dún kán! bí ìgbà tí òkúta fọ́. Ìyá Àgbà pariwo, "Ó ti sán!" Bàámi ju òòlù sílẹ̀. Ọ̀gá Àyọ̀ dojú bolẹ̀, ó na ìka sí etí sílíìfù, ó fi ìka náà tọ bùlọ́ọ̀kù yíká, ó ń tẹjú mọ́ ọn bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Nígbà tó gbójú sókè, omi lé sójú rẹ̀.

"Ó ti mira," ó wí. "Ó ti kúrò níbi tó wà. Ẹ lù ú!"

Sílíìfù náà jáde, ó rí bí eyín àgbà tó jẹrà, ó pupa, ó funfun, ó ń kán omi. Ìyá Àgbà kébòòsí "Àlùhámúdùlíláì," Ọ̀gá Àyọ̀ kígbe "Halelúyà," a kò sì mọ èyí tó ga jù. Àwọn yòókù gba ọ̀sán wa títí oòrùn fi rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn fọ́ sí wẹ́wẹ́, àmọ́ bùlọ́ọ̀kù kò sán.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ kí wọ́n tó to ẹ́ńjìnnì náà pọ̀ tán. Ó rọ̀ dáadáa, ó lu páànù, ó tutù. Gbogbo wa rọra yíjú sí Bọ̀dá Àlàájì tí wọ́n dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ti rin.

"Kí lẹ ń wò?" wọ́n ní. "Ìrì ni."

Nígbà tí lọ́rì wá gbé ẹ́ńjìnnì padà, àwọn fúnra wọn ló so okùn rẹ̀. Ìyá Àgbà wá ṣe ohun tí a kò retí. Wọ́n wọ aṣọ ìrìn-àjò, wọ́n mú ọwọ́ mi, wọ́n ní àwọn náà ń lọ wo oko. Wọn ò fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì kankan.

Abúlé náà dákẹ́ jẹ́ẹ́, ó sì mọ́. Lẹ́yìn tí katakata dáhùn, tí Bàámi ti kọ ebè àkọ́kọ́ pẹ̀lú orin, obìnrin kan jáde láti ilé, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Àgbà, ó gbé omi fún wọn nínú igbá. Ìyá Àgbà gbà á. Wọ́n wo inú rẹ̀.

"Níbo lẹ ti pọn ọ́n?"

"Nínú odò wa ni, Màmá."

"Ta ló pọn ọ́n?"

"Èmi náà ni, Màmá."

Ìyá Àgbà fẹ́ gbé igbá náà fún mi kí n kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ wọn ti sún sọ́dọ̀ mi díẹ̀. Wọ́n fà á padà. Wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì mu ún, ọ̀nà ọ̀fun wọn ń lọ sókè sódò. Wọ́n gbé èyí tó kù fún Bàámi. "Fún irin rẹ lómi," wọ́n ní. Bàámi túlẹ̀ ní ilẹ̀ yẹn títí ọjọ́ ogbó fi dé bá wọn.

Àwọn ènìyàn máa ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé láyé àtijọ́, a kì í fura sí ara wa, pé ọkàn gbogbo ènìyàn mọ́. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. A fura sí ara wa dáadáa. Ohun tó yàtọ̀ ni pé inú àgbàlá kan náà ni ẹni tó ń fura àti ẹni tí wọ́n ń fura sí ti ń jí, wọ́n sì tún máa nílò ara wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lónìí, ẹnu ọ̀nà ti pọ̀, ìlẹ̀kùn irin ti pọ̀, ẹni tó bá ṣẹ̀ wá, a kàn lè má rí i mọ́ títí láé. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù ju olè lọ.

Gbogbo wọn ti lọ báyìí, Ìyá Àgbà, Bàámi, Bọ̀dá Àlàájì, Ìyá Ràfíù. Ọ̀gá Àyọ̀ náà ti lọ. Bí mo bá ń tọrọ àforíjìn fún àwọn òkú wa lẹ́yìn ìrun, mo máa ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ wọn, Ọlọ́hun tó dá gbogbo wa mọ bí yóò ṣe gbà á. Mo dúpẹ́ pé ojú mi rí wọn.

Èmi náà ò tíì wò sàn. Bí wọ́n bá fún mi lómi inú ike níta, mo máa ń yẹ ìdérí rẹ̀ wò bóyá ẹnìkan ti ṣí i ṣáájú mi. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Lẹ́yìn náà màá wo ojú ẹni tó gbé e fún mi, màá ní Bísímílà, màá sì mu ún.